Ilé Tí Mo Kọ́ fún Dọ́sìbíìnì Nítorí Ràkúùnù

Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ Túsìdeè ni, ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń wá sí àdúgbò wa ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti Ìbàdàn dé. Wọ́n jáde kí wọ́n wo ojú ọjọ́, àfi bí wọ́n ṣe sáré padà wọlé.

"Àkànní, dìde! Wèrè kan ti tú ilẹ̀ wa sí títì o!"

Nígbà tí mo débẹ̀, eegun pańla, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rá ìrẹsì àti ìyókù ọbẹ̀ ìjẹta ti kún orí koríko aládùúgbò wa. Dọ́sìbíìnì nà gbalaja sílẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n ohun tó kó Màámi láyà sókè kì í ṣe ìdọ̀tí. Ipa kan wà lára ìdérí yẹn, ó fi ẹrẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọwọ́ ni, ìka márùn-ún géérégé, kò sì ju ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ. Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n wọlé lọ tààrà sí yàrá àwọn ìbejì, wọ́n ṣí aṣọ lára wọn, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ràkúùnù ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Kò sí i nílẹ̀ wa. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lójú ni ẹtà: àwọn méjèèjì ló ní dúdú lójú bí ẹni tó fi aṣọ di ojú kó lè lọ jalè, tí ìrù wọn sì ní òrùka òrùka. Ṣùgbọ́n ẹtà kò lọ́wọ́ bíi ti ràkúùnù. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹnu àwọn Powhatan tó ni ilẹ̀ Virginia kí òyìnbó tó dé ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ha nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn ni Màámi ti sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ọmọ.

Ohun tí mo kọ síbí ni bí mo ṣe kọ́ ilé fún dọ́sìbíìnì méjì, láti oṣù Kẹta ọdún 2024 títí di oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ti ṣì í ṣe.

Oṣù Kẹta: bíríkì, rọ́bà, amóníà

N kò ní pẹ́ níbí, torí kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Mo gbé bíríkì méjì lé ìdérí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀, gbogbo ilé jí. Àgbà ràkúùnù sábà máa ń wọn kílò 4 sí 9. Tó bá ti gun etí dọ́sìbíìnì, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló fi ń dà á nù, kò nílò kó gbé ìdérí rárá. Mo fi okùn rọ́bà oníkọ̀ọ́ di ìdérí mọ́lẹ̀. Rọ́bà a máa fà, ìyẹn sì ni ìṣòro rẹ̀: ó fà á sókè díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń fa ìdọ̀tí jáde ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Mo rẹ àkísà sínú amóníà, omi olóòórùn líle kan, mo so ó mọ́ ọn. Òjò fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Màámi ní kí n wọ́n ata gígún sí i. Ata tí wọ́n gbé ti ọjà Bódìjà wá yẹn? Mo kọ̀. Owó tí wọ́n fi rà á ju ti gbogbo ìdọ̀tí náà lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó wúlò nínú oṣù yẹn ni kámẹ́rà kékeré tí mo so mọ́ igun ilé, irú èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá mira níwájú rẹ̀. Mo ti ro pé bí olè ni yóò ṣe máa ṣe, kó máa wò ọ̀tún wò òsì, kó tún padà tẹjú mọ́ ohun tó ń tú. Rárá. Ó jókòó lórí ìdí, ojú rẹ̀ wà ní ojú pópó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń tú okùn lọ láì wò ó. Bí onídìrí tó ń wo fíìmù tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró ni. Ọwọ́ ló fi ń mọ nǹkan, ó mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Mo wo fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́fà kí n tó gbà pé kì í ṣe ìdérí ni mo ní láti ṣe, títì, ìyẹn ohun tí a fi ń ti nǹkan pa, tí ọwọ́ kan ṣoṣo kò lè ṣí ni.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wádìí ọwọ́ yìí. Ní ọdún 1907, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ H. B. Davis, ní Yunifásítì Clark, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fi àpótí oníkọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi dán ràkúùnù wò. Nínú títì 13, wọ́n ṣí 11. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn. Mo gbàgbé ẹ̀ nígbà tí mo ń ra ìkọ́, ó sì jẹ mí níyà.

Sátidé, 6 oṣù Kẹrin: wíwọn, gbígbẹ́, gígé

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe káfíńtà ní Baltimore, ọmọ Ṣakí, ló wá bá mi ṣe é. Mo ní owó wo ni wọ́n máa gbà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, iyán ni." Ìyá Ìbejì gún un.

Dọ́sìbíìnì kọ̀ọ̀kan ga tó ínǹṣì 42, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 27, ó sì jìn tó 28. A wá fi inú ilé rẹ̀ sí ínǹṣì 62 ní fífẹ̀, 34 ní jíjìn, 54 ní gíga, kí ìdérí lè ṣí díẹ̀ nínú ilé láì kọlu òrùlé, kí èèyàn sì lè fa táyà rẹ̀ jáde láì họ ọwọ́. Òpó mẹ́rin, oníínǹṣì 4 sí 4, pákó tí wọ́n ti fi oògùn sí kó má baà jẹrà. Ìyókù ara rẹ̀, pákó oníínǹṣì 2 sí 4 àti pákó fẹ́ǹsì.

Kí a tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, mo ti pe 811 lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Nọ́ńbà tí à ń pè níbí nìyẹn kí wọ́n lè wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni. Ìlà yẹ́lò kan sì gba ibi tí mo ti fẹ́ gbẹ́ òpó kẹta kọjá tààrà, a fi sún gbogbo ilé náà síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Abẹ́ ilẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti pẹ́ jù. Ìsàlẹ̀ ilé náà, bíríkì pẹlẹbẹ 18 ni a tẹ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ bàtà kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti gún mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbẹ́ kòtò yí i ká, ínǹṣì 12 sísàlẹ̀, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ sí i, a sì tẹ ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì náà síta ní ínǹṣì 12 mìíràn, bí ẹni tó jókòó tó na ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí a fi ní láti tẹ̀ ẹ́ síta. Wọ́n ní ẹran tó bá fẹ́ walẹ̀ wọlé, ẹ̀bá ògiri gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á wà á, á kan irin. Á tún wà á, á tún kan irin. Kò ní ronú láé pé kí òun sún sẹ́yìn kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ìbọn sítépù kan nẹ́ẹ̀tì náà mọ́ pákó, torí ó máa yá. Ẹ̀gbọ́n gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi. Síkírù àti wọ́ṣà ni wọ́n fi dè é, ní gbogbo ínǹṣì mẹ́rin mẹ́rin. Síkírù tó lé ní 100 ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi kò gbàgbé.

Sátidé, 13 oṣù Kẹrin: ilẹ̀kùn tó tẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ò wá lọ́sẹ̀ yìí, èmi nìkan ni mo ṣe ilẹ̀kùn méjèèjì. Ó hàn lára wọn. Ilẹ̀kùn pákó ní láti ní ìdábùú tó gba igun dé igun, kó má baà sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé igun tó máa gbà ṣe pàtàkì. Mo gbé e láti òkè ní ìhà hínjì wá sísàlẹ̀ ní ìhà ìkọ́. Ó dára lójú, ó dọ́gba. Ní Wẹ́sìdeè, ilẹ̀kùn ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀, àlàfo ínǹṣì méjì ti ṣí sílẹ̀ lókè, Ọlọ́wọ́-Ọmọ sì ti fa odindi ọ̀rá kan gba ibẹ̀ jáde.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, mo fi kámẹ́rà hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Àbúrò mi, orí ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe irun." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé pákó lágbára tí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù bá ń fà á. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ní ìhà hínjì ni ìdábùú ti ń bẹ̀rẹ̀, kó gòkè lọ sí ìhà ìkọ́, kí ìwọ̀n ilẹ̀kùn lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ hínjì. Tí wáyà bá ni èèyàn fẹ́ lò, ìgbà yẹn ló máa gba igun kejì. Mo tú méjèèjì, mo yí wọn padà. Láti ìgbà yẹn, ìka mi ò wọ àlàfo ilẹ̀kùn yẹn mọ́.

Títì mẹ́ta

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkíní ni ìkọ́ kékeré tó ń wọ ojú òrùka, irú èyí tó máa ń wà lára fèrèsé àtijọ́. Òru méjì péré ló fi kọ́ ọ. Lóru àkọ́kọ́ ó fi imú tì í, ó fi èjìká tì í, ó lọ. Lóru kejì ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì gbé ìkọ́ yẹn sókè, ilẹ̀kùn ṣí. Lóru kẹta kò fi imú tì í mọ́. Ó dé, ó gbé ìkọ́ sókè, ó wọlé, bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Èkejì ni àgánrándì, irin tó ń wọ́ wọnú ihò. Mo ti fọkàn balẹ̀. Ó gbà á ní òru márùn-ún. Fídíò òru karùn-ún ló yà mí lẹ́nu jù: ó ti mọ̀ pé irin náà ń lọ síbì kan, ó ń wọ́ ọ lọ sápá òsì, ó ń wọ́ ọ padà sápá ọ̀tún, títí ilẹ̀kùn fi mì. Ìgbà yẹn ni mo rántí Davis àti títì 11 rẹ̀. Ohun tó ń gbé òkè nìkan, ó lè ṣí i. Ohun tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, ó lè ṣí i. Ó ní sùúrù, ó sì ní gbogbo òru. Wọ́n tún ní tó bá ti kọ́ ọ, ó lè pa á mọ́ sórí fún ọdún mélòó kan.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń fojú mi gbolẹ̀. Ìlú Toronto, ní Kánádà, ná mílíọ̀nù 31 dọ́là Kánádà lórí dọ́sìbíìnì tuntun fún oúnjẹ tó ṣẹ́kù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní ọdún 2016, tó ní títì tó ń yí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó yá, torí àwọn kan rí ràkúùnù tó ṣí i. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n ronú sí níbẹ̀ dára: títì yẹn, yíyí ló ń fẹ́, ọwọ́ ràkúùnù kò sì ní àtàǹpàkò tó ń dojú kọ ìka yòókù bíi tiwa, kó lè gbá nǹkan mú kó sì yí i. Ibẹ̀ ni mo ti jí ọgbọ́n.

Ẹ̀kẹta, tó wà níbẹ̀ di òní: mo fi irin pẹlẹbẹ olójú bò ó mọ́ òrùka, mo wá fi ìkọ́ onísípíríǹgì gba ojú òrùka náà, irú èyí tí àwọn tó ń gun òkè fi ń so okùn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ìdè tó ń yí. Kí ó tó ṣí, o ní láti yí ìdè náà, kí o tẹ ẹnu rẹ̀ wọ inú, kí o sì yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Àgádágodo náà ì bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri lọ́jọ́ tí yìnyín bá ń bọ́. Dọ́là mẹ́jọ ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti ná dọ́là 247 lórí pákó, nẹ́ẹ̀tì àti bíríkì kí n tó mọ̀ pé dọ́là 16 ló máa parí ìjà náà.

Oṣù Karùn-ún: òrùlé tó di ṣáláńgá

Ìyá Ìbejì fẹ́ gbé ìkòkò òdòdó sórí ilé náà, torí bẹ́ẹ̀ a ṣe òrùlé rẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ràkúùnù a máa ní ibi kan ṣoṣo tó ń ṣu sí, ibi tó ga tó sì tẹ́jú ló sì fẹ́ràn. Ní ìparí oṣù Kẹrin, àárín òdòdó ni mo ti rí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lásán. Aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ràkúùnù tí wọ́n ń pè ní Baylisascaris; tí ẹyin rẹ̀ bá wọ ẹnu ọmọ kékeré, ó lè dé ojú, ó lè dé ọpọlọ. Ẹyin náà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó lè ran èèyàn, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kó o kíákíá. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, mo fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọ̀rá méjì, mo jó ìbọ̀wọ́ náà. Bílíìṣì kì í pa ẹyin yẹn. Omi gbígbóná tó ń hó kutukutu ló ń pa á. Màámi hó omi ìkòkò ńlá mẹ́ta lórí sítóòfù, wọ́n ń gbé e jáde fún mi, wọ́n ń ṣépè fún Ọlọ́wọ́-Ọmọ láti ìkòkò dé ìkòkò.

Ní ọjọ́ 11, mo tú òrùlé náà, mo gé òpó ẹ̀yìn méjèèjì kúrú ní ínǹṣì mẹ́fà, kí ó lè dagun sẹ́yìn. Mo fi páànù bò ó. Kò tún ṣu síbẹ̀ mọ́. Òdòdó ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé.

Òru Mọ́ńdè

Mo ti kọ́ ilé, mo ti tì í. Ní àárọ̀ Túsìdeè kejì nínú oṣù Karùn-ún, eegun pańla tún wà lórí koríko aládùúgbò. Mo wo ilé náà: ó tì pa, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi. Òru Mọ́ńdè ni mo ti ń wọ́ dọ́sìbíìnì jáde sí ẹ̀bá títì, kí n lè sùn dáadáa láàárọ̀. Mo kọ́ ilé fún òru mẹ́fà, mo wá gbé ìdọ̀tí lọ fún un lóru keje.

Báyìí, aago mẹ́fà àárọ̀ Túsìdeè ni mo ń gbé e jáde. Eegun ẹja àti ìyókù ọbẹ̀ ń lọ sínú ọ̀rá, ọ̀rá ń lọ sínú fírísà títí di àárọ̀ yẹn, kó má rùn. Ìyá Ìbejì bínú sí fírísà yìí ju bó ṣe bínú sí ràkúùnù lọ. Mo gbà fún un: mo ra fírísà kékeré tí ẹnì kan ti lò, ó wà ní gáréèjì. Tí ẹ bá máa fi nǹkan kan ṣoṣo sílò nínú gbogbo èyí, tí ẹ kò sì ní ráyè gé pákó kankan, fírísà yẹn ni kí ẹ mú.

Abẹ́ dẹ́ẹ̀kì

Aládùúgbò wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti gbé níbí láti ìgbà èwe, sọ fún mi pé ìyá ràkúùnù náà ti bímọ sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì wa, ìyẹn pèpéle onípákó tó wà lára ilé. Wọ́n ní kí n dẹ pàkúté, kí n gbé e lọ sínú igbó tó jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló lòdì sí i, torí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ràkúùnù wà lára àwọn ẹranko tó ń gbé àrùn dìgbòlugi kiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá la máa mú, àwọn ọmọ á kú sábẹ́ ilé, òórùn wọn á sì bá wa gbé.

Ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ní kò fẹ́. Mo fi iná sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, Màámi sì fi fóònù wọn wá rédíò Ìbàdàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a gbé ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀jáde síbẹ̀: ìròyìn, ìkéde òkú, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tọ̀sán-tòru. Ní òru kẹrin, kámẹ́rà rí i bó ṣe ń fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gba ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì lọ sápá odò tó ń ṣàn lọ bá odò Anacostia. Mẹ́rin ni wọ́n. A dúró ní ọjọ́ mẹ́ta sí i kí ó dá wa lójú pé kò ku ọmọ kankan, a tó fi nẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù dí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì.

Àgbàdo

Èyí ni mo pàdánù. Màámi gbin àgbàdo bí ogún sí ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tó ku bí ọjọ́ méjì kí a ká a, òru kan ṣoṣo ló tó. Ó dà á lulẹ̀, ó bó o, ó jẹ ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà iná méjì, ọ̀kan ní ínǹṣì 6 sílẹ̀, èkejì ní 12, ni àwọn àgbẹ̀ ibí fi ń dáàbò bo tiwọn. Àwọn ìbejì ń ṣeré níbẹ̀, n kò fẹ́ iná. Màámi ní ọ̀kẹ́rẹ́ ilé kò burú tó báyìí.

Sunday, 22 oṣù Kẹsàn-án

Láti ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, kò tíì sí ìdọ̀tí kankan lórí koríko. Ó ṣì ń wá. Lánàá, ní aago 2:40 òru, ó gbá ìkọ́ náà mú, ojú rẹ̀ wà ní ojú pópó bí ti àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó gun òpó oúnjẹ ẹyẹ aládùúgbò, ó gbọn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti sọ fún bàbá náà pé kí wọ́n máa gbé e wọlé lálẹ́.

Màámi ti padà sí Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ti pè, bí wọ́n bá ti bi mí léèrè àwọn ìbejì tán, ohun tó kàn ni, "Ọlọ́wọ́-Ọmọ ńkọ́?" Mo fi fídíò àná ránṣẹ́ sí wọn. Hínjì òsì ti ń dún díẹ̀. Màá fi òróró sí i ní Sátidé.